Ẹ Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Tí A Rán Dé Bí A Ṣe Rán An

 

Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Minna sunkún lójú ìpàdé nítorí àlàfo. Ìnáwó òkú ló dé, a dá owó, akọ̀wé wa sì to orúkọ àti iye tí olúkúlùkù dá sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ wà lápá òsì, owó wà lápá ọ̀tún. Kí owó lè tò gbọọrọ, ńṣe ló ń tẹ àlàfo léraléra títí iye kọ̀ọ̀kan fi bọ́ sábẹ́ èkejì. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gún régé. Ìgbà tó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ ni nǹkan yí. Ojú fóònù kò fẹ̀ tó ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo àlàfo yẹn ti owó kọjá etí, owó já bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀, ó wá dá dúró láàárín orúkọ méjì. Ẹni tó ń kà á kò mọ̀ bóyá ti ẹni òkè ni tàbí ti ẹni ìsàlẹ̀. Ìyá yìí dá 20,000 náírà. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ dá 2,000. Bí àwọn ènìyàn ṣe kà á, 2,000 ni wọ́n kà mọ́ ìyá lórúkọ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló sì gba oríyìn 20,000. Kí a tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, àwọn kan ti sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i, ọ̀rọ̀ sì dà bí ẹyin, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó.

Akọ̀wé wa kò ṣi owó kà. Kò jí kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tó rán ni kò dé bó ṣe rán an.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹ bá ní ohun pàtàkì láti sọ fún ènìyàn, ẹ fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́, ẹ má fi bí ojú ìwé ṣe rí sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ a máa dé ibi tí a rán an. Ẹwà ojú ìwé a máa já sọ́nà.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Nínú àrokò, bí a ṣe to nǹkan ló ń sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn, ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀tá ti wọ àárín. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn wa fà mọ́ ọn, torí ẹfà àti fífà jọ ń rìn pọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Ṣùgbọ́n wọn kì í da owó ẹyọ sínú àpò ìránṣẹ́ lásán, kí wọ́n wá máa retí pé yóò ṣì kọjú síra bó bá dé ọ̀hún. Okùn ni wọ́n fi ń so ó. Bí ìránṣẹ́ sáré, bó ṣubú, bó la odò kọjá, bí wọ́n ṣe tò ó kò yí padà. Àlàfo tí akọ̀wé wa tẹ̀, owó ẹyọ inú àpò ni. Kò sí okùn nídìí rẹ̀.

Àwọn àgbà tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ènìyàn ni wọ́n ń bá wí. Ènìyàn lè tún ọ̀rọ̀ tó wọ́ ṣe kó tó jẹ́ ẹ. Fóònù kò ní irú ọgbọ́n yẹn. Bí a bá ṣe fún un ló ṣe ń gbé e, ìwọ̀n ojú tirẹ̀ ló sì fi ń tò ó kalẹ̀ fún ẹni tó gbà á. Ẹni tó ń ránṣẹ́ lónìí ló gbọ́dọ̀ fi tọmọ rán an.

Minna wa yìí, ìlú tí iṣẹ́ rírán kọ́ ni. Ibí ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó wá láti Èkó ti pàdé èyí tó wá láti Baro lọ sí Kano, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí ló sì jẹ́ pé iṣẹ́ rélùwéè tàbí òwò ẹ̀bá rélùwéè ló gbé wọn wá. Nígbà náà, bí ọ̀rọ̀ kánjúkánjú bá dé, wáyà, ìyẹn tẹ́lígíráàmù, ni wọ́n ń tẹ̀. Iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gba owó, nítorí náà ẹni tó fẹ́ tẹ wáyà á kọ́kọ́ jókòó, á yọ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò, á ku ta ló ṣaláìsí, níbo, ọjọ́ wo ni kí ẹ dé. Kò sí òdòdó nínú wáyà. Síbẹ̀ wáyà ọ̀rọ̀ méjìlá gbé ìdílé dìde ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn sì dé síbi òkú lásìkò.

Ara irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ìlà tí à ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù lónìí ti wá. Nígbà tí ẹ̀rọ wáyà di èyí tó ń fúnra rẹ̀ tẹ lẹ́tà sórí bébà, àṣẹ méjì ló ń gbà kó tó lè bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun: ọ̀kan ń dá orí ẹ̀rọ padà sí etí òsì, èkejì ń yí bébà sókè. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe òfin lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ASCII ní 1963, wọ́n fún àṣẹ àkọ́kọ́ ní nọ́ḿbà 13, wọ́n fún èkejì ní 10. Windows di méjèèjì mú títí dòní. Linux àti Android tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ wa mú 10 nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Notepad, ìwé pélébé tó wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà Windows, kò mọ 10 tó bá dá wá. Ìwé tí ẹnì kan fara balẹ̀ tò ní ìlà ogójì níbòmíràn, inú Notepad ló ti ń di ìlà kan ṣoṣo tó lọ gbọọrọ, àfi ìgbà tó di 2018 kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí ẹ̀rọ méjì bá lè ṣàìfẹnukò lórí ohun kékeré bí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọ̀, àpótí àti lẹ́tà oníṣẹ́ ọnà?

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń tẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí tó kàn. Taipuráítà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ kọ́kọ́ lò. Lórí taipuráítà, bí ìlà bá parí, dandan ni kí ẹ fọwọ́ yí i. Àṣà yẹn wọ inú kọ̀ǹpútà, a wá ń tẹ Enter ní ìparí gbogbo ìlà. Kọ̀ǹpútà kò nílò rẹ̀, ó ń yí ìlà fúnra rẹ̀. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù, ìlà kan á gùn, èkejì á ku ọ̀rọ̀ méjì, bí eyín arúgbó. Lórí taipuráítà náà, gbogbo lẹ́tà ló fẹ̀ bákan náà, àlàfo fẹ̀ bí lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí títo nǹkan pẹ̀lú àlàfo fi ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá wa. Lórí fóònù, lẹ́tà m fẹ̀ ju lẹ́tà i lọ fíìfíì. Ohun tó bára mu níbí kò ní bára mu lọ́hùn-ún. Ẹ tẹ Enter nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí, kì í ṣe nígbà tí etí ìwé bá dé. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àti owó, ẹ kọ orúkọ, ẹ fi àmì ojú méjì sí i, ẹ kọ iye, kí ẹ wá bọ́ sí ìlà tuntun. Ká ní akọ̀wé wa kọ ọ́ pé “Ìyá Àgbà: 20,000 náírà”, fóònù tó kéré jù lọ láyé kò ní lè já orúkọ kúrò lára owó rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ owó òkú àti ìpàdé kò tó ohun tí à ń fi igbe ta. Ẹ jẹ́ kí a rántí Mokwa. Ìpínlẹ̀ Niger kan náà la wà. Ní òru tó mọ́ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2025, òjò rọ̀, omi ya wọ ìlú náà, ó gbé ilé, ó gbé ọmọ, ó gbé ọlọ́jà. Òkú tí wọ́n kà láàárín ọjọ́ díẹ̀ lé ní 150. N kò ní sọ pé bí wọ́n ṣe kọ ìwé ló pa wọ́n. Omi ló pa wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìpínlẹ̀ tó ní odò Niger àti odò Kaduna, tó ní ìsédò Kainji, Shiroro àti Zungeru, kò gbọdọ̀ fi ìkìlọ̀ òjò ṣeré. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà tàbí ìgbà òjò, ó yẹ kí a ti mọ bí a ó ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń sùn lè jí kà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Báwo ni ìkìlọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa báyìí? Àwòrán. Àwọ̀ búlúù lẹ́yìn, àmì ọ́fíìsì lókè, lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán rí ojú àwòrán tó ṣókùnkùn, kò rí ọ̀rọ̀. Bàbá tó ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kò rí nǹkan kan rárá. Arákùnrin wa tí kò ríran, tí fóònù rẹ̀ ń kàwé sókè sí i létí, ó gbọ́ pé “àwòrán”, ó tán. Ẹ wo iye ènìyàn tó ti bọ́ sẹ́yìn kí omi tó dé.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló ń dé gbogbo fóònù, òun náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní 1985, ará Jámánì kan, Friedhelm Hillebrand, jókòó, ó ń tẹ àwọn gbólóhùn àti ìbéèrè tí ènìyàn lè fẹ́ fi ránṣẹ́, ó ń ka lẹ́tà wọn. Ó rí i pé 160 tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ìyẹn ló di òfin. Àlàfo wà nínú 160 yìí, bíbọ́ sí ìlà tuntun náà sì wà nínú rẹ̀, iye kan bíi lẹ́tà kan. Tábìlì lẹ́tà tí wọ́n ṣe nígbà náà ní à, è, é, ì, ò àti ù. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò ní á. Àmì náírà wa pẹ̀lú kò sí níbẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí níbẹ̀ yìí bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, 160 á wálẹ̀ di 70, ọ̀rọ̀ tí à bá fi owó kan rán á di méjì tàbí mẹ́ta. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín náà ń ṣe ohun kan náà.

Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń sọ pé kí a gé àmì kúrò lára Yorùbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ara ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo ìkìlọ̀ kan tí a kọ láìlámì: “E ma koja afara.” Ẹnì kan á kà á pé “Ẹ má kọjá afárá,” yóò padà sílé. Ẹlòmíràn tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ń kọ “ma” dípò “máa” á kà á pé “Ẹ máa kọjá afárá,” yóò sì lọ. Àmì kékeré kan ló wà láàárín ẹni tó padà àti ẹni tó lọ. Ẹ má gé àmì. Àsọdùn ni kí ẹ gé. Ẹ yọ “a fi àkókò yìí kí gbogbo ẹ̀yin ènìyàn wa pátápátá” kúrò, àyè á ṣẹ́ kù fún àmì. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé fóònù ẹni tí ẹ ń ránṣẹ́ sí ń sọ ẹ àti ọ di àpótí òfìfo, ẹ pè é, kí ẹ fi ẹnu sọ fún un.

Ìyàtọ̀ tó yẹ kí a mọ̀ nìyí. Ohun tí ọ̀rọ̀ kò lè ṣe láìsí rẹ̀, ẹ pa á mọ́. Ohun tí a kàn fi wọ ọ̀rọ̀ láṣọ, ẹ bọ́ ọ kúrò bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. WhatsApp gbà wá láyè láti fi àmì ìràwọ̀ sí ọ̀tún àti òsì ọ̀rọ̀ kó lè dúdú. Bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ yẹn kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, ìràwọ̀ nìkan ló kù, dúdú ti lọ. Àwọn áàpù tó ń sọ lẹ́tà di aláràbarà ńkọ́? Púpọ̀ nínú lẹ́tà yẹn kì í ṣe lẹ́tà, àmì ìṣirò ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò nínú iṣẹ́ wọn. Fóònù afọ́jú á máa pe orúkọ àmì ìṣirò sí i létí, tàbí kó fò ó kọjá. Ẹni tó bá sì ń wá ọ̀rọ̀ náà padà nínú gúrúùpù lóṣù tó ń bọ̀ kò ní rí i, torí ohun tó ń wá kọ́ ni wọ́n tẹ̀.

Ẹ wo bí ìkéde ìpàdé ṣe lè rí:

ÌPÀDÉ ẸGBẸ́
Ọjọ́: Sátidé, 14 oṣù Kẹta, 2026
Aago: 4 ìrọ̀lẹ́
Ibi: ilé Alága, Tunga
Ọ̀rọ̀: owó ẹgbẹ́ àti ètò ọdún
Ẹ mú: 2,000 náírà
Láti ọwọ́: Akọ̀wé

Ìlà méje. Ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan, orúkọ ọ̀rọ̀ náà sì wà níwájú rẹ̀. Bí fóònù bá já ìlà rẹ̀, ìtumọ̀ kò já. Bí gbogbo ìlà bá tilẹ̀ dà pọ̀ di ẹyọ kan, “Ọjọ́”, “Aago” àti “Ibi” ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń tọ́ka. Ìwọ̀nyẹn ni okùn àrokò.

Ẹ kíyè sí i pé a kọ ọjọ́ ní pàtó. Ẹ má kọ “ọ̀la”, ẹ má kọ “lónìí”. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọ́wáàdì kì í mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. “Omi ń bọ̀ lọ́la” tí a kọ ní ọjọ́ Ajé ṣì ń dẹ́rù ba ènìyàn ní ọjọ́ Ẹtì, ìgbà tí òótọ́ bá sì tún dé, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá pẹ̀lú, kí ènìyàn lè mọ ibi tó máa béèrè.

Ti owó nìyí. Nọ́ḿbà àkáǹtì jẹ́ mẹ́wàá gééré. Ẹ kọ ọ́ papọ̀, ẹ má fi àlàfo sáàárín rẹ̀, torí ibi tí àlàfo wà ni fóònù ti ń já ìlà. Ẹni tó kọ 20 000 náírà pẹ̀lú àlàfo ti ṣílẹ̀kùn fún 20 láti dúró lókè, kí 000 wà nísàlẹ̀. Kọ́mà ni kí ẹ lò. Ẹ fi nọ́ḿbà àkáǹtì ránṣẹ́ ní òun nìkan, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yòókù, kí ìyá tó ń ránwó láti ọjà Kure lè dì í mú lẹ́ẹ̀kan, kó dà á kọ sí báńkì, láìfojú ka nọ́ḿbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn. Nọ́ḿbà kan tó ṣì, owó ti bá ibòmíràn lọ.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin lẹ ní gúrúùpù tó tóbi jù nínú ìlú. Ẹ bá wa sọ ọ́ lórí pẹpẹ àti ní mọ́sáláṣí. Ẹ̀yin ọmọ wa ní yunifásítì FUT Minna, ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ lọ́hùn-ún, ilé la ti nílò rẹ̀. Ẹ jókòó ti akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn òbí yín fún wákàtí kan. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù wọn kí ẹ àti ọ lè rọrùn fún wọn láti tẹ̀. Bí àwòrán ìkìlọ̀ bá dé sí gúrúùpù, kí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣí i tẹ kókó inú rẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó fọ́wáàdì: kí ló ń bọ̀, níbo, ọjọ́ wo, kí ni ká ṣe, ta ló sọ ọ́. Kí ẹni tó gbọ́ Nupe kọ ọ́ ní Nupe, kí ẹni tó gbọ́ Gbagyi àti Hausa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí omi kì í béèrè èdè.

N kò sọ pé kí a má ṣe ohun ẹlẹ́wà mọ́. Káàdì ìgbéyàwó yẹ kó dán. Ìwé ìdúpẹ́ òkú yẹ kó níyì. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́, inú wa á dùn sí i. Kí ẹ sì tẹ ọjọ́, aago àti ibi sísàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹni tí kò lè ṣí àwòrán má bàa di ẹni tí a kò pè.

Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ tí a wà ń sọ pé inú àṣà ọdún tuntun àwọn baba wọn ni orúkọ Minna ti wá: “min” ni títàn kálẹ̀, “na” ni iná. Mo máa ń ronú sí i. Iná tó ti ààrò kan dé ààrò mìíràn kì í béèrè bóyá ìkòkò tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti olówó tàbí ti tálákà. Bó bá dé, ó ń jó. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa máa rìn nínú ìlú yìí.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ ṣí gúrúùpù yín. Ẹ wá ìkéde tó gbẹ̀yìn tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí fóònù tó kéré jù lọ nínú ilé, kí ẹ sì bẹ ẹni tó ni ín pé kó kà á sókè fún yín. Ibi tó bá ti dákẹ́, tó ń wò yín lójú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.